Alùpùpù Tó Ń Kú ní Kọ́nà Apachéta

Bàbá Casimiro, olórí ẹgbẹ́ oníwàrà wa ní Kalauyo, kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá mi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó ní:

"Teodosia, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tún ti lọ láìgbé wàrà wa. Awakọ̀ yẹn ò lè máa dúró dè ọ́ lójú títì bí ẹni ń dúró de ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ Àìkú, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á pàdé ní ẹsẹ̀ òkè. Wàá di ẹrù wàrà rẹ bó ṣe yẹ, wàá sì gun alùpùpù rẹ lọ sókè lójú wa. Bí alùpùpù yẹn bá dé Apachéta láìkú, ìwọ lo ṣì ni ọ̀nà wàrà. Bó bá kú, a ó gbé ọ̀nà náà fún Froilán."

"Ó yé mi, bàbá."

"Ṣé kò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kò ní kú."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Apachéta ni ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá, níbi tí àwọn èrò ti kó òkúta jọ gègèrè láti ayé àwọn baba wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni títì ọlọ́dà wà, ojú títì náà sì ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wàrà máa ń dúró sí láàárọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ mi, Wenceslao, ló ń gbé wàrà gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí iṣẹ́ bíríkìlà ní Santa Cruz, níbi tí èèyàn ti lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jáde láàárọ̀, ó ní kí n fa ọ̀nà náà lé Froilán lọ́wọ́, òun náà ní alùpùpù. Mo ní rárá. Mo ní èmi ni n ó máa gbé e. Mo ti mọ alùpùpù gùn kí ó tó gbéra, èmi náà ni mo sì máa ń di iná mú fún un nínú gáráàjì, tí mò ń wo gbogbo ohun tó ń tú àti bó ṣe ń dè é padà.

Ní Kalauyo, ẹni tó bá ní ọ̀nà wàrà ló ní àga nínú ìpàdé. Mo ti jókòó sórí àga yẹn láti ìgbà ìkórè ọ̀dùnkún, mo ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́. Mi ò ṣe tán láti padà sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí láti tẹ́tí.

Àìsàn alùpùpù náà yà mí lẹ́nu. Bí mo bá ta á láàárọ̀, á dáhùn. Á gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, á la odò kékeré kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bí ìbaaka tó jẹun yó. Tó bá wá dé kọ́nà tó ṣíwájú Apachéta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbá èèyàn létí, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á kú. N ó sọ̀ kalẹ̀, n ó ṣí táǹkì wò bóyá epo ti tán. Epo wà. N ó ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún òkè bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, n ó fi ewé kókà lélẹ̀, n ó tún un ta. Á sì dáhùn! Á gbé mi lọ síwájú, á tún kú. N ó tún sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá ara wa fà á títí ọkọ̀ á fi lọ.

Gbogbo Kalauyo ló gbà pé òkè ló ń béèrè nǹkan. Kí ni àwọn náà ìbá tún rò? Ojú ara wa la fi rí i pé bí mo bá ti ta ọtí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jí.

Nítorí náà là ń fún un. Kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa tí kì í ṣe ch'alla, ìwúre tí à ń fi ọtí ṣe, fún ọkọ̀ rẹ̀. Ní àjọ̀dún Kanifálì, a ó gbé ọkọ̀ jáde, a ó fi ribọ́ọ̀nù bébà dè é lọ́rùn, a ó wọ́n bébà aláràbarà tí a gé wẹ́wẹ́ lé e pẹ̀lú òdòdó, a ó sì da bíà lé e lórí títí á fi máa kán tó tó tó. Ìdúpẹ́ ni, ẹ̀bẹ̀ náà sì ni. Lẹ́yìn Kanifálì tó kọjá ni alùpùpù mi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ìyá ọkọ mi ní a kò fún un tó. A tún un ṣe. Ó burú sí i. A tún fún un sí i.

Gáráàjì wa kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á fi yangàn. Yàrá alámọ̀ kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àgùntàn. Páànù la fi bo orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Àpò chúño, ọ̀dùnkún tí a fi òtútù gbẹ, wà ní igun kan, alùpùpù wà ní igun kejì. Nínú oṣù Okúdu, tí òtútù wa máa ń mú jù, omi tí mo bá gbé síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ á ti di òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́. Sípánà á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á ki bí ọ̀rá tó dì sórí ọbẹ̀ àná, bí mo bá tẹ kíìkì, kò ní lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun bo ẹ́ńjìnnì tí mo bá ti dé, tí n ó sì fi òkúta gbígbóná tí mo fi àkísà wé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Gumersinda, máa ń jókòó sórí àpò chúño náà, á máa hun ìbọ̀sẹ̀, á sì máa fi ẹnu bá mi ṣiṣẹ́.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ lo bí ẹ́ńjìnnì yìí ni? Mi ò rí i kí o bo ọmọ mi báyìí rí."

"Ìyá, ọmọ yín kì í dì."

"Ta ló sọ fún ọ? O ò mọ bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́!"

Lọ́jọ́ tí Bàbá Casimiro wá yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ tú plọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ pọ́n bí kọfí tí a bu wàrà sí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iná kọ́ ló ń dà á láàmú. Mo tú kabúrétọ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ náà bí wọ́n ṣe ń jáde, kí n má bàa ṣi èyí tó ṣíwájú mú. Mo fi epo fọ̀ wọ́n, mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba ihò kọ̀ọ̀kan. Epo tútù a máa jẹ ọwọ́ ju omi tútù lọ. Nígbà tí mi ò mọ ìka mi mọ́, mo kì wọ́n bọ abíyá, mo ń jó yí tábìlì náà ká.

"Ó tún ti dé o," Ìyá Gumersinda ní. "Ó ń jó láìsí orin."

"Ẹ kọrin fún mi, Ìyá."

"Lójú ẹ́ńjìnnì tí kò ríṣẹ́ ṣe? Kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná."

Kabúrétọ̀ mọ́, kò sí ìdọ̀tí kan níbẹ̀. Mo wá rò ó pé bóyá ìpẹtà wà nínú táǹkì, òun ló ń dí ọ̀nà epo. Mo gbé táǹkì sọ̀ kalẹ̀, mo da epo inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo fọ inú rẹ̀, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Mi ò fẹ́ jókòó lásán títí á fi gbẹ. Mo mú ìgò oníke kan, mo gé ìdí rẹ̀ kúrò, mo fi okùn so ó kọ́ àjà pẹ̀lú ẹnu ní ìsàlẹ̀, mo fi rọ́bà so ẹnu náà mọ́ kabúrétọ̀, mo da epo sí i. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nítorí èéfín. Mo tẹ kíìkì.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó ń dún dáadáa, ohùn rẹ̀ gún régé. Ìyá Gumersinda bó ọ̀dùnkún alẹ́ tán, ó sè é jinná, ó padà wá, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Mo ń bu epo sí ìgò, ó ń mu ún. Èmi tìkára mi ni mo pa á nígbẹ̀yìn, òtútù ẹnu ilẹ̀kùn ni kò jẹ́ kí a lè dúró mọ́.

Ariwo yẹn ló mú Froilán yà. Òun ló gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, nítorí náà kompáre ni mò ń pè é, òun náà á sì máa pè mí ní komáre. Èèyàn dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í sinmi.

"Komáre, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣé ó ti jí?"

"Kò kú rí, kompáre. Ó máa ń sùn lójú ọ̀nà ni."

"Ẹ wò ó, alùpùpù mọ ọ̀gá rẹ̀ o. Ọwọ́ ọkùnrin ló ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin bá jókòó lé e, ara á máa fu ú."

"Tiyín ńkọ́? Ṣebí ọwọ́ ọkùnrin ni tiyín náà mọ̀. Kí ló dé tó fi gbé yín sọ sódò lọ́jọ́ ọjà?"

Ìyá Gumersinda bú sẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ ìhun rẹ̀ já bọ́.

"Yìnyín ló wà níbẹ̀!" Froilán ní.

"Ara ló fu ú," Ìyá Gumersinda ní.

Froilán náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ìgò tó so kọ́ àjà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. "Komáre, mi ò wá ọ̀nà yín. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́."

"Èmi náà ò ní kọ̀ ọ́ bó bá jẹ́ tiyín. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ó kù díẹ̀ kí n rí i."

Mo gbà á lọ́kàn pé ìpẹtà táǹkì ni, mo sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Mo dá táǹkì padà sáyè rẹ̀, mo dì í, mo rọ epo kún un. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ, mo gbé wàrà lé e, mo kọrí sí òkè. Mo ń kọrin lábẹ́ ìbòmú mi. Ní kọ́nà yẹn gan-an, níbi tí ọ́ìlì rẹ̀ ti sàmì sára òkúta nítorí dídúró wa, ó húkọ́, ó kú.

Mo jókòó lórí rẹ̀ díẹ̀ láìsọ̀. Mi ò sunkún, ṣùgbọ́n mo bú u. Mo pè é ní gbogbo orúkọ tí Wenceslao máa ń pè é, mo sì fi tèmi kún un. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí táǹkì. Ó ṣe fùú, bó ṣe máa ń ṣe. Epo kún inú rẹ̀. Mo ta ọtí sílẹ̀ fún òkè, mo tẹ kíìkì, ó dáhùn. Nígbà tí mo máa fi dé títì, èéfín ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ni mo bá níbẹ̀.

Ìyá Gumersinda kò bá mi jà nígbà tí mo gbé wàrà náà dé. Ó wọlé, ó gbé ìgò bíà méjì jáde pẹ̀lú bébà wẹ́wẹ́ tó kù, ó bọ́ sí iwájú alùpùpù.

"Di orí rẹ̀ mú fún mi," ó ní. "Ọwọ́ wa ti ń le jù. Òkè ò fẹ́ awun."

Ó da gbogbo rẹ̀ lé táǹkì lórí, ó ń bá òkè sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn tó ti kú nínú ìdílé sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ mi fún wọn, pé ìyàwó yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe là. Mo di hándù mú, mo ń gbọ́. Inú mi dùn sí ohun tó ń sọ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè tú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wà nínú gáráàjì. Mo ń fi ọ́ìlì ra ṣéènì, kì í ṣe pé ó nílò rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń wá iṣẹ́. Ìyá Gumersinda gbé kọfí wá, ó sì gbé agolo wàrà kan dání. Àwa tí à ń gbé wàrà kiri, wàrà agolo là ń fi sí kọfí, nítorí pé ti màlúù ń lọ sí ilé-iṣẹ́ láìku ẹ̀kán kan. Ó fi ìṣó lu ihò kan sí orí agolo náà, ó da á dé kọ́ọ̀pù. Ẹ̀kán kan bọ́. Ó dúró. Ó gbọn agolo náà. Ẹ̀kán mìíràn bọ́.

"Ṣé wọ́n ti ń di afẹ́fẹ́ tà báyìí ni?" ó ní.

"Ìyá, ẹ lu ihò kejì."

"Mi ò lù ú. Ihò kan tó. Bí mo bá lu méjì, kì í pẹ́ tán. Ṣebí mo mọ bí ẹ ṣe ń dà á."

Ó gbé ẹnu lé e, ó fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé ṣinṣin. Nígbà tó gbé ẹnu kúrò, agolo náà ṣe fùú.

Mo gbé ìgò ọ́ìlì sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ tún un ṣe."

"Kí ni?"

"Ẹ tún un fà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí òtútù ti wọ̀ lágbárí, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe. Fùú. Ohùn táǹkì mi ni. Ohùn tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní kọ́nà yẹn nígbàkígbà tí mo bá ṣí ìdérí láti wo epo. Wàrà inú agolo fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò rí ibi gbà wọlé. Ìgò tí mo so kọ́ àjà ńkọ́? Mo ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. Afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, epo ń sọ̀ kalẹ̀ fàlàlà, ẹ́ńjìnnì sì dún títí ọ̀dùnkún fi jinná. Lójú ọ̀nà, táǹkì á máa fún epo títí á fi fa afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀ tán, á wá di epo mú, ẹ́ńjìnnì á kú. Èmi á sọ̀ kalẹ̀, n ó ṣí i, afẹ́fẹ́ á wọlé, n ó dé e, n ó ta ọtí, n ó tẹ kíìkì. A wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọtí.

Mo fò dìde, mo yọ ìdérí táǹkì. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, lábẹ́ irin pẹlẹbẹ tó bo ojú kọ́kọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé. Mo fi síkúrúdiráfà tó kéré jù tú u. Nígbà tí irin náà ṣí, èmi àti Ìyá Gumersinda jọ tẹ orí ba láti wò ó. Inú rẹ̀ kún fún ohun kan tó pọ́n, tó le bí àtè tó gbẹ: bíà, bébà wẹ́wẹ́ àti òdòdó, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ti Kanifálì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti di dúdú. Ti àná wà lókè, ó ṣì rọ̀.

Ìyá Gumersinda fi ìka kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ọwọ́ mi rèé," ó ní.

"Ọwọ́ gbogbo wa ni, Ìyá. Ta ló di ìgò mú ní Kanifálì? Èmi ni. Ta ló di orí rẹ̀ mú lánàá?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé ẹ rí i."

Ó gbé ojú sókè. "Má wí fún mi pé òkè ò fẹ́ nǹkan o."

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Ẹnu táǹkì la ń bù ú sí."

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó wọlé lọ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ wá fún mi, nítorí pé ti ìhun tóbi jù fún ihò náà.

Mo fi epo rẹ ìdérí náà, mo fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí tí mo fi fi ẹnu fẹ́ ẹ tí atẹ́gùn sì jáde ní òdìkejì. Mo dè é padà, mo dé táǹkì pinpin, mo ta ẹ́ńjìnnì. A sè chúño lọ́jọ́ náà, chúño kì í yára jinná. Ẹ́ńjìnnì dún títí ó fi jinná, ó dún títí a fi jẹ ẹ́ tán. Mo wá ṣí ìdérí. Kò ṣe fùú. Mo fẹnu ko táǹkì náà lẹ́nu, Ìyá Gumersinda sì ní kí n má jẹ́ kí Wenceslao gbọ́.

Mi ò gùn ún lọ sí òkè láti dán an wò. Mi ò rí ìdí. Mo mọ ohun tó ṣe é, mo sì mọ̀ pé mo ti yọ ọ́. Mo bo ẹ́ńjìnnì, mo lọ sùn.

Òtútù ọjọ́ Àìkú yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Koríko funfun, irun imú àwọn àgùntàn funfun. Ní ẹsẹ̀ òkè, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé jọ, wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èémí wọn ń jáde bí èéfín. Froilán ti gbé alùpùpù tirẹ̀ wá, ó nù ún mọ́ tónítóní. Mo dé pẹ̀lú ẹrù wàrà mi ní ọ̀tún àti ní òsì, Ìyá Gumersinda sì jókòó sẹ́yìn mi, ó di okùn ẹrù mú.

Bàbá Casimiro jáde síwájú. Bíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò bébà wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ kejì. Mo ti gbàgbé pé bí ẹgbẹ́ bá jọ rán ọkọ̀ lọ́nà, olórí ẹgbẹ́ ló ń ṣe ch'alla fún un.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ da á sí ẹsẹ̀ táyà."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Láti ìgbà tí baba mi ti ń ṣe ch'alla fún ìbaaka, orí la kọ́kọ́ ń fún."

"Bàbá, ihò kan wà lórí táǹkì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Òun ló dí, òun ló ń pa á. Bí bíà bá wọ ibẹ̀ nínú òtútù yìí, á di yìnyín kí n tó dé kọ́nà."

Ariwo sọ. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ó ti ń wá àwáwí!" Ẹlòmíràn ní, "Ṣé ch'alla ló wá ń pa ọkọ̀ báyìí?"

Bàbá Casimiro kò bínú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. "Teodosia, gbọ́ mi. Bí o bá gùn ún láìgba ìbùkún, tí o sì débẹ̀, àwọn yìí á ní o kò bá òkè sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbà á. Bí o bá gba ìbùkún, orí ni n ó dà á sí. Èwo lo fẹ́?"

Mi ò tíì dáhùn tí Ìyá Gumersinda fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó rọra sọ̀, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó yọ fìlà dúdú orí rẹ̀, èyí tó máa ń dé lọ sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó, irun rẹ̀ funfun gbòò nínú òtútù náà. N kò rí orí rẹ̀ lásán níta rí. Ó gbé fìlà náà dé táǹkì lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó bo ìdérí dáadáa, ó sì di etí rẹ̀ mú.

"Orí rẹ̀ rèé, Casimiro. Da á sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, orí fìlà kẹ̀?"

"Nígbà tí wọ́n ń da ọtí lé ìwọ lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ṣé o ṣí fìlà?"

Ẹ̀rín bẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Froilán ló rín jù. Bàbá Casimiro gbìyànjú láti di ẹnu rẹ̀ mú, kò ṣeé ṣe.

"Mi ò ṣí i," ó ní.

"Òtútù mú òun náà. Da á, ọwọ́ mi ń kú."

Ó da á. Bíà náà hó lórí fìlà, ó ṣàn gba etí rẹ̀ sílẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, ó ń rú èéfín níbi tó ti kan irin gbígbóná. Bébà wẹ́wẹ́ bò ó. Bàbá Casimiro bá òkè sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kò gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Nígbà tó parí, Ìyá Gumersinda gbé fìlà náà kúrò tìṣọ́ratìṣọ́ra bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún, ó da ohun tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ṣálì nu táǹkì. Abẹ́ fìlà gbẹ.

"Máa lọ," ó ní. "Má wẹ̀yìn."

Mo lọ. Mi ò wẹ̀yìn. Jíà kejì ni mo fi gbé e. Ẹrù wàrà ń mì ní ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì, òkúta ń fò lábẹ́ táyà. Mo mọ gbogbo ìró tí ẹ́ńjìnnì yẹn lè mú jáde, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi nínú àgbàlá. Mo rí kọ́nà náà lókè, mo rí àmì ọ́ìlì wa lára òkúta. Afẹ́fẹ́ gbá mi létí. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò ṣí ìdérí. Mi ò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀nà ga níbẹ̀, ẹrù sì wúwo. Ikọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Mo sọ ọ́ sí jíà kìíní, mo tẹ ara síwájú, mo fún un ní epo. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ki, ó sì gbé wa kọjá àmì ọ́ìlì náà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dúró síbẹ̀ rí.

Ní Apachéta, mo sọ̀ kalẹ̀ láìpa ẹ́ńjìnnì, mo mú òkúta kan, mo gbé e lé òkìtì náà bó ṣe yẹ ẹni tó kọjá. Mo gbọ́ ariwo wọn láti ìsàlẹ̀, tín-ín-rín, bí ariwo ẹyẹ. Mi ò dúró gbọ́ ọ tán. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wà lójú títì ní ìhà kejì, mo rí páànù rẹ̀ tó ń dán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu tíì rẹ̀.

"Teodosia! Kí ló ṣẹlẹ̀, ìwọ lo tètè dé?"

"Gbà á kó tó dì," mo ní.

Nígbà tí mo padà dé, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àga mi ṣófo, kò sí ẹni tó jókòó sí i. Ìyá Gumersinda dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ṣálì wé orí, ó ń sá fìlà rẹ̀ sí oòrùn. Mo jókòó. Bàbá Casimiro wú ikọ́.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wàrà ti parí, ọwọ́ Teodosia ló wà, kò sí ohun tí a ó tún sọ lórí rẹ̀," ó ní. "Àfi pé àwọn ilé tó wà lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún ti ń bẹ̀ wá láti ọjọ́ yìí kí a wá máa gbé tiwọn. Ó jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ kò dáa. Froilán ní alùpùpù òun kò ní lè ṣe é."

"Alùpùpù mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi," Froilán ní.

"Teodosia, kí lo wí?"

Mo dìde dúró kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní mo gbà á. Mo ní kí ẹnì kan lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé wàrà wọn sí etí odò kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé mi ò ní pa ẹ́ńjìnnì láti dúró de ẹnikẹ́ni.